Ṣé Tiwa Ni Kánífà Trinidad?

Ìyá kan kọ̀wé sí mi láti Òṣogbo. Ọmọ wọn obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Port of Spain, olú-ìlú Trinidad, erékùṣù kan ní Caribbean, fẹ́ kí wọ́n wá bá òun ṣe Kánífà (carnival), àríyá ìgboro ńlá ibẹ̀, lọ́dún 2027. Ohun tí wọ́n bi mí rèé: "Pásítọ̀ wa ní ìbọ̀rìṣà ni, pé eégún ni wọ́n ń gbé káàkiri ìgboro níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní àwa Yorùbá la gbé e débẹ̀ láyé ẹrú, pé tiwa ni, kí n lọ jó dáadáa. Ọ̀rọ̀ ta ni kí n gbà? Tí mo bá sì lọ, kí ni kí n wò, kí ni kí n yẹra fún?"

Ẹ ǹlẹ́ o, Mà. Ẹ ṣeun tí ẹ béèrè kí ẹ tó lọ. Ọdún mẹ́rin ni mo fi gbé Port of Spain nítorí ìwádìí lórí orin àwọn ọmọ Yorùbá ibẹ̀, Kánífà mẹ́rin ló ṣojú mi, ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ dá yín lóhùn. Pásítọ̀ ṣì í. Ẹ̀gbọ́n yín náà ṣì í, àmọ́ ọ̀rọ̀ tiwọn ní eegun òótọ́ nínú, mo máa fi hàn yín ibi tó wà.

Ẹ kọ́kọ́ wo ọjọ́ tí wọ́n ń ṣe é. Ọjọ́ Ajé àti ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ṣáájú Ọjọ́rú Eléérú, ọjọ́ tí ààwẹ̀ Lẹ́ńtì ń bẹ̀rẹ̀, ni Kánífà. Ní 2027, ọjọ́ kẹjọ àti ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kejì ni. Ní 2028, ọjọ́ 28 àti 29 oṣù Kejì. Ọdún Àjíǹde ló ń darí rẹ̀. Ìjọba kò kà á mọ́ ọjọ́ ìsinmi tó wà nínú òfin, síbẹ̀ ilé ìwé á tì, ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì á tì, gbogbo ìlú á bọ́ sí títì. Ọdún tó jẹ́ pé Lẹ́ńtì ni odi rẹ̀, inú ìjọ Kátólíìkì ló ti ṣẹ̀.

Ọba Sípéènì ló ni erékùṣù náà nígbà kan. Ní 1783, ó ṣòfin pé Kátólíìkì tó bá wá tẹ̀dó síbẹ̀ yóò gba ilẹ̀, tó bá kó ẹrú wá, ilẹ̀ rẹ̀ á tún pọ̀ sí i. Bí àwọn Faransé ṣe ya wọ Trinidad nìyẹn láti àwọn erékùṣù tó wà nítòsí, wọ́n kó àwọn ènìyàn wa dúdú lẹ́rú wá. Láti Kérésìmesì títí di Ọjọ́rú Eléérú, àwọn olóko yìí á máa ti ilé ẹnì kan bọ́ sí ilé ẹlòmíràn, wọ́n á fi nǹkan bojú, wọ́n á jẹ, wọ́n á jó kí ààwẹ̀ ogójì ọjọ́ tó wọlé. Gẹ̀ẹ́sì gba erékùṣù náà ní 1797, àwọn Faransé kò sì fi àríyá wọn sílẹ̀.

Ọ̀kan nínú eré tí wọ́n fẹ́ràn ni kí ọ̀gá múra bí ẹrú. Nígbà ayé ẹrú, bí iná bá ran oko ìrèké lóru, wọ́n á fun ìwo, wọ́n á fi ẹgba lé àwọn ẹrú jáde pẹ̀lú ògùṣọ̀ lọ́wọ́, kí wọ́n sáré gé ìrèké kó tó bàjẹ́. Ìrèké tó jóná yẹn ni Faransé ń pè ní "cannes brûlées", ó di Canboulay lẹ́nu àwọn ará ìlú. Ọ̀gá á kun ojú rẹ̀ ní dúdú, á gbé ògùṣọ̀, á máa fi wàhálà ẹrú ṣeré fún àwọn àlejò rẹ̀.

Nígbà tí òmìnira wá dé, ní 1834 lórí ìwé, ní 1838 kó tó di òótọ́ pátápátá, àwọn tó jẹ ìyà náà gan-an ló gba eré yẹn padà. Wọ́n gbé ògùṣọ̀ tiwọn, wọ́n lù ìlù tiwọn, akọni tó mọ ìjà ọ̀pá á ṣáájú, obìnrin àti ọkùnrin olórin á máa dá orin, àwọn yòókù á máa gbè é. Kalinda ni wọ́n ń pe ìjà ọ̀pá náà, chantwell ni wọ́n ń pe adárin. Mà, láti ọdún yẹn lọ, Kánífà kò tún jẹ́ ti àwọn Faransé mọ́.

Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kò fẹ́ràn rẹ̀ rárá. Ọ̀gá ọlọ́pàá kan wà tí ń jẹ́ Captain Baker. Ní 1880, ó gba ògùṣọ̀, ìlù àti ọ̀pá lọ́wọ́ àwọn eléré, wọ́n sì fi í lé e lọ́wọ́. Ní 1881 ló tún padà wá, àmọ́ wọ́n ti múra dè é. Àwọn ẹgbẹ́ àdúgbò tó máa ń na ara wọn lọ́dọọdún ti parapọ̀, wọ́n kojú ọlọ́pàá ní òru mọ́jú ọjọ́ Ajé Kánífà. Orí fọ́ níhìn-ín, orí fọ́ lọ́hùn-ún. Gómìnà Freeling ló padà bọ́ síta fúnra rẹ̀, ó bá èrò sọ̀rọ̀, ó sì pàṣẹ kí ọlọ́pàá wà ní bárékè wọn kí àwọn ènìyàn ráyè ṣe ọdún wọn. Tí ẹ bá débẹ̀, ẹ ní kí ọmọ yín mú yín lọ sí Piccadilly Street ní ìdájí ọjọ́ Ẹtì tó ṣáájú Kánífà. Wọ́n máa ń fi eré orí ìtàgé ṣe ìjà yẹn síbẹ̀ lọ́dọọdún. Ìyá kan tó jẹ́ akéwì àti ọmọ òrìṣà, Eintou Pearl Springer, ló kọ ọ́, Kambule ni orúkọ rẹ̀. Mo ti rí àgbàlagbà tí omijé bọ́ lójú rẹ̀ níbẹ̀ kí oòrùn tó yọ.

Ìjọba kò gbàgbé ẹ̀sín ọdún 1881. Òfin tí wọ́n ṣe ní 1883 àti 1884 dí ìlù lọ́nà, ó ka ògùṣọ̀ àti kíkó ọ̀pá rìn léèwọ̀, Canboulay sì parí síbẹ̀. Ibí ni mo fẹ́ kí ẹ tẹ́tí sí dáadáa, Mà, nítorí pé ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn òfin yìí ni ọkàn Kánífà. Àwọn ènìyàn tí a gba awọ ìlù lọ́wọ́ wọn wọ inú igbó, wọ́n gé ọparun. Wọ́n gé e ní gígùn-gígùn àti kúkúrú. Èyí tó gùn á máa lu ilẹ̀, ohùn rẹ̀ á máa dún gbùù bí ìyá-ìlù; èyí tó kúrú, wọ́n á gbé e lé èjìká, wọ́n á máa fi igi lù ú, òun ni omele wọn. Tamboo bamboo ni orúkọ rẹ̀. Ohun tó gbé ijó Kánífà ró fún ọ̀pọ̀ ọdún nìyẹn.

Nígbà tó di àwọn ọdún 1930, àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò tálákà ní Port of Spain bẹ̀rẹ̀ sí í fi irin kún ọparun: agolo bísíkíìtì, ìdérí agolo ìdọ̀tí, irin bíréèkì ọkọ̀. Wọ́n ka Kánífà léèwọ̀ láti 1942 nítorí ogun Hitler. Ọjọ́ tí ìròyìn òpin ogun dé ní 1945, ìlú tú síta, irin nìkan ni wọ́n ń lù. Lásìkò yẹn wọ́n ti rí i pé ibi tí agolo bá ti tẹ̀ wọnú, ohùn rẹ̀ máa ń yàtọ̀ sí ibi tí kò tẹ̀. Winston Simon tí wọ́n ń pè ní Spree, Ellie Mannette, Neville Jules, Anthony Williams: ọmọ àdúgbò ni gbogbo wọn, àwọn ló fi òòlù àti etí wá ohùn kọ̀ọ̀kan jáde lára irin. Àgbá epo onígálọ́ọ̀nù 55 ló padà di ohun èlò náà. Epo rọ̀bì wà ní Trinidad, àgbá kò wọ́n. Wọ́n á fi òòlù lu ìdí àgbá wọnú títí á fi rí bí abọ́, wọ́n á sàmì sí ibùjókòó ohùn kọ̀ọ̀kan, wọ́n á gé e kúrò lára àgbá, wọ́n á gbé e sórí iná, lẹ́yìn náà ni atúnhùnṣe á jókòó tì í fún wákàtí púpọ̀.

Páànù ni wọ́n ń pè é. Nígbà yẹn, òbí tó bá gbọ́ pé ọmọ òun ń lu páànù á nà án. Wọ́n ka onípáànù sí ọmọ ìta, àwọn ẹgbẹ́ sì máa ń bára wọn jà lóòótọ́. Ní 1951, wọ́n ṣa àwọn tó mọ̀ ọ́n lù jù jọ, wọ́n kó wọn lọ sí London láti lọ ṣeré níbi àjọ̀dún ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹnu sì ya àwọn òyìnbó. Panorama, ìdíje àwọn ẹgbẹ́ onípáànù, bẹ̀rẹ̀ ní 1963. Ní 1992, ìjọba kéde páànù gẹ́gẹ́ bí ohun èlò orin orílẹ̀-èdè. Ní 2023, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ya ọjọ́ 11 oṣù Kẹjọ sọ́tọ̀ fún un. Ní 2025, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin wọn fọwọ́ sí i pé kí wọ́n yọ ọkọ̀ ojú omi Columbus mẹ́ta kúrò lára àmì orílẹ̀-èdè, kí wọ́n gbé páànù síbẹ̀. Ohun tí àwọn ọmọ tí wọ́n ń lù lẹ́gba hù jáde látinú àgbá ló gba ipò Columbus.

Ìdí rèé tí mi ò fi lè gbà fún ẹ̀gbọ́n yín pé "tiwa ni". Àwọn ará Kóńgò wà níbẹ̀, Ìbíbíò wà níbẹ̀, Ìgbò wà níbẹ̀, àwọn Dàhòmì tí wọ́n ń pè ní Rada wà ní Belmont, àdúgbò kan ní Port of Spain, títí dòní. Àwọn ará Íńdíà tí wọ́n kó wá ṣiṣẹ́ oko láti 1845 fi ìlù tiwọn sínú soca, orin tí Lord Shorty dá sílẹ̀ ní àwọn ọdún 1970. Orí ilẹ̀ yẹn ni wọ́n ti bí Kánífà yìí, àwọn tó jìyà rẹ̀ ló ni ín.

Àmọ́ mo ṣèlérí láti fi ibi tí tiwa wà hàn yín. Lẹ́yìn tí Gẹ̀ẹ́sì fòfin de òwò ẹrú ní 1807, ọkọ̀ ogun wọn ń mú ọkọ̀ ẹrú lójú òkun, wọ́n ń kó àwọn tó wà nínú rẹ̀ sọ̀ sí Sàró àti St Helena. Láti 1841, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kó lára wọn lọ ṣiṣẹ́ ní Trinidad. Àkókò yẹn gan-an ni ogun ń jà nílẹ̀ wa lẹ́yìn tí Ọ̀yọ́ Ilé tú, nítorí náà àwọn ènìyàn wa pọ̀ láàárín wọn. Yaraba ni wọ́n ń pè wọ́n. Wọn kò lọ gẹ́gẹ́ bí ẹrú, wọ́n lọ ní ọ̀wọ́-ọ̀wọ́, wọ́n jọ ń gbé, èdè wọn sì pẹ́ lẹ́nu wọn. Ọ̀jọ̀gbọ́n Maureen Warner-Lewis gba ohùn àwọn arúgbó tó ṣì ń kọ orin Yorùbá sílẹ̀ ní ọ̀rúndún ogún. Ó fi odidi ìwé ṣe orin wọn.

Inú àgbàlá òrìṣà ni ẹ ti máa rí tiwa, kì í ṣe lójú títì Kánífà. Ògún, Ṣàngó, Ọ̀ṣun, Ọya, gbogbo wọn ni wọ́n ń kí níbẹ̀, ìlù mẹ́ta ni wọ́n sì ń lù. Ẹ gbọ́ orúkọ èyí tó kéré jù nínú wọn: oumalay. Omele ni, Mà. Ó ti lé ní àádọ́jọ ọdún tí wọ́n ti gbé e kọjá òkun, ó ṣì ń jẹ́ orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́. Orí òkè Laventille àti àwọn àdúgbò tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àgbàlá yìí wà, ibẹ̀ náà ni àgbàlá páànù wà. Ọmọ tó gbọ́ ìlù òrìṣà láti kékeré ló dàgbà di onípáànù, bí ẹsẹ̀ ijó òrìṣà ṣe wọ inú irin nìyẹn. Obìnrin olórin kan, Ella Andall, ti gbé orin òrìṣà jáde sínú àwo, ẹ ní kí ọmọ yín wá a fún yín. Ẹ máa gbọ́ Yorùbá tí ahọ́n ibẹ̀ ti yí, ẹ sì máa mọ ohun tí wọ́n ń wí.

Nǹkan kejì kéré, àmọ́ ó dùn mọ́ mi nínú. Aṣọ Kánífà wọ́n gan-an, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ kò sì lè san owó rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n á dá sou-sou: ènìyàn mẹ́wàá tàbí méjìlá á máa dá iye kan lóṣooṣù, ẹnì kan á máa kó o. Èésú wa ni, Mà, orúkọ rẹ̀ náà ni wọ́n ń pè.

Wọ́n á sọ fún yín pé Moko Jumbie, ẹni tó ń jó lórí ọ̀pá gíga tí orí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan òrùlé, láti ọ̀dọ̀ Yorùbá ló ti wá. Ẹ má gbà á kíákíá. Nínú ìwé àwọn olówò ẹrú, Moko ni wọ́n ń pe àwọn tí wọ́n kó gba èbúté Calabar lọ, jumbie sì ni wọ́n ń pe iwin ní erékùṣù. Àgẹ̀rẹ̀ wà ní Èkó lóòótọ́, òun náà ń jó lórí igi gíga, àmọ́ jíjọra kò sọ wọ́n di ọmọ ìyá. Ọ̀ràn Burrokeet, ẹni tó gbé kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ àfọwọ́ṣe kọ́rùn bí ẹni pé ó gùn ún, tún yàtọ̀: ìbátan rẹ̀ ni Burrinha tí àwọn Àgùdà mú ti Brazil bọ̀ wá sí Porto-Novo. Èyí ti ọ̀dọ̀ àwọn Sípéènì àti Potogí wá, ó kàn gba ọ̀nà méjì.

Ní ti Pásítọ̀: ọmọ Òṣogbo ni yín, ẹ mọ ohun tí ìbọ jẹ́, ẹ mọ Arugbá, ẹ mọ odò. Ní Kánífà, kò sí ẹni tó ń gbé ẹbọ lọ sí ibì kankan. Ẹni tó bá gbé eégún nílẹ̀ wa kì í ṣe ara rẹ̀ mọ́, ará ọ̀run ni, a kì í dárúkọ rẹ̀. Ẹni tó bá jó mas, ìyẹn eré aṣọ Kánífà, ní Port of Spain, ojú rẹ̀ wà ní gbangba, ó fẹ́ kí ẹ mọ òun. Obìnrin sì pọ̀ níbẹ̀ ju ọkùnrin lọ. Àwọn ẹlẹ́sìn òrìṣà Trinidad fúnra wọn kì í ṣe àsè nínú Lẹ́ńtì, ẹ̀yìn Àjíǹde ni àsè ọdọọdún wọn sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Wọn kò sì nílò láti sá sábẹ́ Kánífà: láti 1999 ni òfin ti fún àlùfáà òrìṣà láṣẹ láti so tọkọtaya pọ̀.

Tí ẹ bá fẹ́ ohun tó jọ ọ́ nílé, eégún aláré ni, àwọn apidán tó máa ń fi òyìnbó àti ọlọ́pàá ṣe yẹ̀yẹ́ lójú agbo. Ẹ máa rí Dame Lorraine: aṣọ ìyàwó olóko Faransé, ọmú àti ìdí tí wọ́n fi àkísà kún títí tó fi ga bí òkìtì. Ẹ máa rí Midnight Robber, fìlà rẹ̀ fẹ̀ bí agbòòrùn, á dá yín dúró, á bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìran rẹ̀ àti àwọn ìlú tó ti pa run, kò ní dákẹ́ títí ẹ ó fi fún un lówó. Ẹ jẹ́ kó sọ ọ́ tán kí ẹ tó fún un. Ọ̀rọ̀ yẹn ni iṣẹ́ rẹ̀. Orin calypso ní tirẹ̀ bá ẹ̀fẹ̀ Gẹ̀lẹ̀dẹ́ mu: ẹni tó bá ṣàṣejù lọ́dún, títí dórí olórí ìjọba, á gbọ́ ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ nínú orin. Mighty Sparrow gba adé rẹ̀ ní 1956. "Ọba Calypso" ni oyè náà ń jẹ́ títí Calypso Rose, obìnrin láti Tobago, fi gbà á ní 1978, wọ́n sì yí orúkọ oyè padà nítorí rẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ wò rèé. Ṣáájú ohunkóhun, ẹ lọ sí àgbàlá páànù lálẹ́, ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ìdíje. Ẹ kò ní san nǹkan kan lọ́pọ̀ ibi, ẹ máa dúró nítòsí àwọn tó lé ní ọgọ́rùn-ún tí wọ́n ń lu irin pọ̀, púpọ̀ nínú wọn kò ka orin lórí ìwé, etí àti ọkàn ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n. Èyí dùn mọ́ mi ju ìparí Panorama lọ ní pápá Queen's Park Savannah. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni ti àwọn ọmọdé, ẹ má pàdánù rẹ̀.

J'ouvert bẹ̀rẹ̀ ní ìdájí ọjọ́ Ajé. Ẹrẹ̀, ọ̀dà, epo dúdú, èròjà kòkó, wọ́n á fi pa ara wọn, wọ́n á pa ẹni tó bá dúró nítòsí. Àwọn kan á ya ara wọn sí èṣù aláwọ̀ búlúù, wọ́n á fẹ́ iná lẹ́nu, wọ́n á máa ké. Òkè Paramin ni àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe jù ti ń wá. Ẹ wò ó láti ọ̀nà jíjìn, lórí báńkónì, ẹ má sì wọ aṣọ tí ẹ fẹ́ràn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ti aṣọ ẹlẹ́wà. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni kí n bá yín sọ: ìyẹ́, ìlẹ̀kẹ̀ àti pátá ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ nísinsìnyí, ìdí á sì máa yí. Tí èyí bá máa ni yín lára, ẹ jókòó sílé ní ọ̀sán ọjọ́ náà. Ohun tó ń dun èmi yàtọ̀ sí ìyẹn. Ní 1957, George Bailey mú ẹgbẹ́ kan jáde tó pè ní Back to Africa, ó fi ọba àti ìjòyè Áfíríkà hàn nínú ọlá ńlá nígbà tí gbogbo ayé ń fi wá ṣe ẹni oníhòòhò alọ́kọ̀. Peter Minshall tẹ̀lé e, ó ń fi wáyà, igi àti aṣọ dá ẹ̀dá tí ó ń rìn. Àwọn tó mọ wáyà tẹ̀ ti ń dínkù, ọ̀pọ̀ aṣọ ni wọ́n ń rán wá láti Ṣáínà báyìí. Tí ẹ bá rí ẹgbẹ́ kékeré kan tó ṣì fi ọwọ́ ṣe tirẹ̀, ẹ dúró, ẹ pàtẹ́wọ́ fún wọn.

Oòrùn ibẹ̀ mú lásìkò náà. Ẹ mu omi dáadáa, ẹ wọ bàtà tó ti mọ́ yín lẹ́sẹ̀, ẹ má gbé owó púpọ̀ dání, ẹ má sì jẹ́ kí ọmọ yín fi yín sílẹ̀ láàárín èrò. Ẹ jẹ doubles, búrẹ́dì pẹlẹbẹ tí wọ́n dín, tí wọ́n fi ẹ̀wà sínú rẹ̀, láàárọ̀, ẹ mu ọbẹ̀ àgbàdo lálẹ́.

Ní àárọ̀ Ọjọ́rú, ẹ máa rí i tí wọ́n ń gbá ìyẹ́ lójú títì, àwọn tí wọ́n jó títí dòru àná á ti wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, àlùfáà á fi eérú sàmì sí wọn níwájú orí. Ẹ bá wọn lọ. Lẹ́yìn ìsìn, wọ́n máa ń kọjá lọ sí etí òkun Maracas, wọ́n á fi ẹsẹ̀ tó ti wú sínú omi. Ẹ ní kí ọmọ yín ra búrẹ́dì tí wọ́n dín fún yín, èyí tí wọ́n fi ẹja sínú rẹ̀.